Bí Eré Ṣe Padà Sí Ara Àwọn Ọmọ Mi

Ní ọdún 2021, ibà gbé àkọ́bí mi ọkùnrin dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ níbẹ̀ kò jẹ mọ́ ibà rárá. Nọ́ọ̀sì ní kí ó gun òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n rí ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sí, wọ́n ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì tún ní kí ó padà gùn ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú aṣọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ọmọdé wò, ṣùgbọ́n aṣọ náà kò yí apá rẹ̀ ká, ni wọ́n bá lọ mú ti àgbàlagbà wá láti yàrá kejì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Mo rí bí ó ṣe ń wo apá ara rẹ̀ bí wọ́n ti ń di aṣọ ńlá náà mọ́ ọn, mo sì mọ̀ pé ó ti yé òun fúnra rẹ̀ pé nǹkan kò rí bí ó ṣe yẹ kí ó rí.

Obìnrin ni dókítà tí ó rí wa, wọn kò sì fi bọpo bọyọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ṣàlàyé pé òǹkà tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àgbàlagbà kọ́ ni a fi ń wo ti ọmọdé, pé ọjọ́ orí ọmọ, gíga rẹ̀, àti bóyá ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò, àti pé bí wọ́n ṣe wo ti ọmọ wa, ó ti ga ju bí ó ṣe yẹ lọ. Wọ́n bi mí pé, “Bàbá, irú eré wo ni ọmọ yìí máa ń ṣe?” Mo dáhùn pé bọ́ọ̀lù ni ó fẹ́ràn jù. Wọ́n tún bi mí bóyá ó ń gbá a ni tàbí ó ń wò ó. Ìyá rẹ̀ ló dá wọn lóhùn pé ó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń gbá a lórí fóònù.

Mò ń kọ èyí fún àwọn òbí tí ó wà níbi tí a wà nígbà náà, pàápàá àwọn tí ó ti kó kúrò ní agboolé lọ sí ilé tuntun lẹ́yìn ìlú, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Agboolé wa kò jìnnà sí Tákìí, ní àárín Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ gbalasa ni iwájú rẹ̀, ojúlé tí ó kọjú sí ilẹ̀ náà pọ̀, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ tí ọmọdé kì í kún ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀, èmi kò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n lọ ṣeré. Pé kí wọ́n wọlé ni mo máa ń sọ. Wọ́n ń sáré lọ ra èlùbọ́ fún ìyá àgbà, wọ́n ń pọn omi níbi ẹ̀rọ, wọ́n ń ṣe bojúbojú, àwọn ọmọbìnrin ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń, àwọn ọkùnrin ń yí táyà àlòkù kiri ojúde. Nígbà tí máńgòrò bá pọ́n, kò sí ẹ̀ka tí wọn kì í gùn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí iléẹ̀wé, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n sì fi ń bọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀ ní ọdún 1990 ni ilé ti ń pọ̀ sí i ní ẹ̀yìn ìlú wa. Nígbà tí ó kàn mí, mo ra ilẹ̀ lápá ọ̀nà Ìlọrin, mo kọ́lé, mo mọ ọgbà yí i ká, mo sì fi géètì sí i. Mo gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, mo gbé táǹkì omi sókè, kò wá sí ẹni tí yóò pọn omi mọ́. Ilé náà jìnnà sí iléẹ̀wé, nítorí náà mo bá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣe àdéhùn pé kí ó máa gbé wọn lọ, kí ó sì máa gbé wọn bọ̀. Àwọn ọmọ ojúlé kejì wà lẹ́yìn ọgbà tiwọn, àwọn tiwa náà wà lẹ́yìn ọgbà tiwa. Bí wọ́n bá ti parí lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, tẹlifíṣọ̀n ni. Bí wọ́n bá sì kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, fóònù ìyá wọn ni. Gbogbo ohun tí mo làágùn kọ́ kí wọ́n má baà jìyà ni ó gba ìrìn, ìsáré àti ẹrù rírù kúrò ní ìgbésí ayé wọn, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ṣe é tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi fura.

Àmì wà nílẹ̀. Ṣòkòtò iléẹ̀wé rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó fún un mọ́ra. Ó ń hanrun lóru bí àgbàlagbà. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ó máa ń dúró ní ìdajì ọ̀nà kí ó lè mí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, ìyìn ni ọmọ tí ó sanra jẹ́ fún ìyá rẹ̀. Àwọn ẹbí á wò ó, wọ́n á ní ó hàn lára ọmọ yìí pé nǹkan ń lọ déédéé nílé. Ìyá mi a máa fọwọ́ pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á ní ọkọ àwọn ń jẹun kánú. Ẹni tí gbogbo ayé ń kí kú oríire lórí ohun kan, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé àìsàn ni?

Dókítà náà jókòó tì wá, wọ́n sì là á yé wa. Wọ́n ní iṣan ni ọkàn jẹ́, iṣan tí a kò bá sì lò kì í lágbára. Ọmọ tí ó bá ń sáré, tí ó ń fò, ọkàn rẹ̀ á di èyí tí ó lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara láìṣe làálàá. Wọ́n ní eegun a máa le sí i bí ọmọ ṣe ń fò sókè tí ó ń balẹ̀, ìgbà èwe ni a sì ń kó èyí tí ó pọ̀ jù jọ nínú eegun tí a ó lò dọ́jọ́ alẹ́. Iṣan tí ó bá ń ṣiṣẹ́ a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò. Ọmọ tí ó bá ń fi ìjókòó gẹlẹtẹ dàgbà, tí ó sì ń sanra, ó ń sún mọ́ ìtọ̀ ṣúgà láì tíì dàgbà. Wọ́n wá sọ ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 fún wa, pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tí yóò mú kí èémí rẹ̀ yára fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán, tí a bá ṣírò rẹ̀ káàkiri ọ̀sẹ̀, kí èyí tí ó le nínú rẹ̀, èyí tí ń fún iṣan àti eegun lágbára, sì wáyé ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Wọ́n ní kò pọn dandan kí ìṣẹ́jú 60 náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A lè rí díẹ̀ nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí a rí èyí tí ó kù ní ìrọ̀lẹ́.

Mo gbọ́ ìṣẹ́jú 60, mo sì gbà á bí àṣẹ ológun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti jí ọmọ náà, mo ti wọ kánfáàsì tuntun sí i lẹ́sẹ̀, mo ní kí ó sáré yí ilé po. Èmi á dúró ní ẹnu géètì, mo ń ka iye ìyípo. Á sáré ìyípo àkọ́kọ́, á fi ìrìn ṣe èkejì, nígbà tí ó bá di ẹ̀kẹta, á fara ti ògiri, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe ìrora ló ń pa á lẹ́kún bí kò ṣe ìtìjú, nítorí pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ti jí, ó sì ń wò ó láti ojú fèrèsé. Mo máa ń pariwo pé kí ó máa lọ. Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní gbogbo òwúrọ̀, tí orí ń fọ́ ọ, tí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí i pé ọmọ náà kì í sùn wọra mọ́ nítorí ìbẹ̀rù ìdájí, òun ló sì sọ fún mi pé kí n jáwọ́.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ohun tí ó mú kí ìsáré di ohun ẹ̀rù fún ọmọ. Ní iléẹ̀wé tí a lọ, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé, wọ́n á ní kí ó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá po. Ẹni tí ó bá pariwo ní kíláàsì, wọ́n á ní kí ó fi ìka kan kan ilẹ̀, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n á ní kí ó lóṣòó bí ẹni tí ó jókòó sórí àga tí kò sí. Títí di òní ni irú rẹ̀ ṣì ń ṣẹlẹ̀ ní ibi púpọ̀. Èyí ni pé ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ nìkan ni àgbàlagbà ń ní kí ó lo ara rẹ̀ kíkankíkan. Ọmọ tí a ti fi ìsáré jẹ níyà, níbo ni yóò ti rí ìfẹ́ rẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, bí ọmọ bá ṣẹ̀, ẹ wá ìyà mìíràn fún un, kí ẹ fi eré sílẹ̀ kí ó jẹ́ eré.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo náwó. Mo ra bọ́ọ̀lù gidi, mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ ògiri fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀, nítorí pé ògiri kì í bá ènìyàn ṣeré. Kẹ̀kẹ́ náà kò rí ibi gùn ju iwájú ilé lọ, kí ó sì tó gbéra, ó ti kan géètì. Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, ńṣe ni yóò káwọ́ gbera jókòó títí tí a ó fi dá a padà.

Ìsinmi iléẹ̀wé tí ó gùn jù lọ́dún náà ni ó là mí lójú. Ìyá mi ti gbọ́ nípa ìsáré òwúrọ̀, wọ́n sì fi ìbínú pè mí lórí fóònù pé, “Ìwọ ọmọ yìí, gbé ọkọ mi wá fún mi, kí o tó fi eré sísá pa á.” Mo kó àwọn ọmọ lọ sí agboolé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo yà wò wọ́n, ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó yọ sí ojúde. Wọ́n ń ṣe ẹkùn mẹ́ran. Àwọn ọmọ ti di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n pa agbo ńlá, ọmọ mi ni wọ́n fi ṣe ẹran ní àárín agbo, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan láti ojúlé kejì sì ni ẹkùn tí ń yí agbo po níta. Lójijì, ẹkùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ apá àwọn ọmọ méjì já wọlé. Àwọn tí ó wà ní òdì kejì gbé ọwọ́ sókè kí ẹran lè sá jáde, wọ́n sì yára rẹ ọwọ́ náà sílẹ̀ kí ẹkùn má baà tẹ̀lé e. Ọmọ tí kò lè yí ilé mi po lẹ́ẹ̀mẹta ni mo rí tí ó bẹ̀rẹ̀, tí ó sá jáde, tí ó yí agbo po, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ wọlé. Ẹ̀wù rẹ̀ ti rin gbìndìn fún òógùn, erùpẹ̀ pupa ti bò ó dé orúnkún, ó ń mí gúlegúle, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọwọ́ ẹkùn tẹ̀ ẹ́, ohun tí ó sọ ni pé ó kan òun láti di ẹkùn.

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ó má baà rí mi. Nígbà tí n ó fi wo aago, wọ́n ti lé ní wákàtí kan lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń ka ìyípo fún wọn. Mo ṣàkíyèsí pé wọn kì í sáré lásáretán. Wọ́n á sá, wọ́n á dúró jiyàn lórí ẹni tí ó rẹ́ ara wọn jẹ, wọ́n á tún sá. Bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọdé ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìsáré gbọọrọ tí mò ń fi ipá mú un ṣe, àgbàlagbà ló ni ín. Kì í ṣe ìfẹ́ eré ni ó sọnù lọ́wọ́ ọmọ mi, ẹgbẹ́ ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. A ti kó o kúrò láàárín àwọn tí yóò lé e, tí òun náà yóò lé, a sì wá ń bi í pé kí ló dé tí kò sáré.

Nígbà tí ìsinmi parí, èmi àti ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ojúlé ojúlé ní òpópónà wa. Ìdáhùn kan náà ni ó pọ̀ jù: ẹ̀rù àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń bà wọ́n, ẹ̀rù ọ̀kadà ń bà wọ́n, ẹ̀rù ejò inú igbó àyíká sì ń bà wọ́n. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àsọdùn nínú wọn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn jáde ṣeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ wọn ní àgbọ́yé. A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Ilẹ̀ kan wà ní ìkángun òpópónà tí ẹni tí ó ni ín kò tíì kọ́lé sí. Èkó ni wọ́n ń gbé. A pè wọ́n, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa bí a bá lè máa ro ó. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a kó àdá àti ọkọ́ jáde, a ṣán igbó, a hú kùkùté, a ṣa àfọ́kù ìgò, a sì fi pákó tí ó nípọn bo ihò sọkaawé tí ẹnì kan gbẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí òbí tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fi ọwọ́ gidi mú iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nítorí pé àfọ́kù ìgò kan ṣoṣo lè mú kí gbogbo ìyá àdúgbò fi géètì ti ọmọ wọn mọ́lé padà.

A fi ẹnu kò lórí àwọn òfin díẹ̀. Òbí méjì ni yóò máa jókòó sí ibẹ̀ nígbàkúùgbà tí àwọn ọmọ bá wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gbà á fún ara wọn. Kò sí ọmọ tí yóò dá kúrò níbẹ̀ láìsọ fún wọn, kò sì sí àlejò tí yóò wọ àárín àwọn ọmọ láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n. Nǹkan bíi aago mẹ́rin ààbọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ni a ń bẹ̀rẹ̀, kí aago mẹ́fà sì tó kọjá púpọ̀, olúkúlùkù ti padà sílé. Kẹ́ẹ̀gì omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù a máa wà níbẹ̀, nítorí pé ọmọ tí ó ń ṣeré kì í rántí òùngbẹ títí tí ojú rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Lẹ́sìnnì ni ó fa àríyànjiyàn tí ó le jù. Bàbá kan dìde ní ìpàdé, wọ́n ní ọmọ àwọn ń múra ìdánwò àṣewọlé, àwọn kò sì lè fi ìwé rẹ̀ ṣòwò eré. Èmi kò bá wọn jà. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà ṣeré kí ó tó jókòó ti ìwé, kí wọ́n sì máa wò ó. A bá olùkọ́ lẹ́sìnnì sọ̀rọ̀, wọ́n sì sún àkókò wọn síwájú díẹ̀. A fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń lọ ilé kéwú àti àwọn tí ó ń lọ ṣe ìdánrawò kọ́áyà, nítorí pé ètò tí ó bá ń bá ìsìn ènìyàn fa aṣọ kì í tọ́jọ́. Bàbá náà wà lára àwọn tí ó ń jókòó ṣọ́ àwọn ọmọ báyìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin gba ìrònú lọ́tọ̀. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 lórí akẹ́kọ̀ọ́ mílíọ̀nù 1.6 ní orílẹ̀-èdè 146, wọ́n rí i pé nínú 100 ọmọ ọdún 11 sí 17, 81 ni kò ṣe eré tó bí ó ṣe yẹ. Ti àwọn ọmọbìnrin jẹ́ 85, ti àwọn ọmọkùnrin sì jẹ́ 78. Èmi kò nílò ẹni tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, nítorí pé ó wà nínú ilé mi. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin bá ti jáde, àwọn ọmọbìnrin wà nídìí abọ́, wọ́n wà nídìí ẹ̀fọ́, wọ́n pọn àbúrò sẹ́yìn. Àwọn àgbà kan tún ní ọmọbìnrin tí ń fò kiri yóò ya akọ lọ́wọ́ ọkọ. Ní oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré ọgọ́rùn-ún mítà onífífò ní ìdíje àgbáyé ní Eugene ní Amẹ́ríkà, tí ó parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan kò tíì ṣe rí láyé, mo fi fídíò rẹ̀ han ọmọbìnrin mi ní ọjọ́ kejì. Ó wò ó, ó tún un wò, ó sì bi mí bóyá Yorùbá ni ẹni náà gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé wọn kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n fídíò nìkan kò lè gbé ọmọbìnrin kúrò nídìí abọ́. Pípín ni a pín abọ́ náà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè jọ jáde ní àkókò kan náà. Okùn fífò ni òun fẹ́ràn jù, kò sì sí eré tí ó dára tó o fún eegun pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan.

Ọmọ kan wà ní òpópónà wa tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó yọjú rárá, ó sì yé mi. Nígbà tí wọ́n bi dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ó ṣeré, ṣùgbọ́n kí ó máa mu omi dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀, láàárín eré àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ó jókòó ní kété tí ó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, kí òjò má pa á, kí òtútù má sì mú un. A sọ fún gbogbo àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè é ní ọ̀lẹ nígbà tí ó bá jókòó, wọ́n sì gbọ́. Fún ọmọ tí ó ní asíìmà, a ní kí òògùn tí ó ń fà símú máa wà lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ wọn, kí ó má jẹ́ pé ilé ni a ó ti lọ gbé e. Ẹ má ṣe dá irú àwọn ọmọ wọ̀nyí padà sílé. Ẹ bi dókítà wọn léèrè ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ní ti àwọn kéékèèké, àwọn náà ní ìwọ̀n tiwọn. Ìmọ̀ràn tí àjọ náà gbé jáde ní ọdún 2019 ni pé kí ọmọ ọdún 1 sí 4 máa lo ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lójúmọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, kí èyí tí ó ti pé 2 má sì jókòó tì í ju wákàtí kan lọ. Àbígbẹ̀yìn wa ni mo fi ń ṣọ́ra jù, nítorí pé òun ni a máa ń fẹ́ fi fóònù tù nígbà tí ọwọ́ bá dí.

A kò lè dá ìrìn sí iléẹ̀wé padà tán. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin gba ìlú wa kọjá, tírélà sì kún ojú rẹ̀, nítorí náà n kò lè ní kí ọmọdé fi ẹsẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé oníkẹ̀kẹ́ ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní orígun òpópónà wa dípò ẹnu géètì, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tí ó kù pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Mo ti ẹ̀rọ omi inú ilé ìdáná pa ní òpin ọ̀sẹ̀, korobá ni wọ́n fi ń pọn omi láti ibi táǹkì. Gbígbá àgbàlá, fífọ aṣọ pẹ̀lú ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ni ara ń kà sí iṣẹ́. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, inú yàrá ìgbàlejò ni a ń jó sí. Nígbà ọyẹ́ tí eruku bá pọ̀ gidigidi, a máa ń dín ìsáré kù nítorí àwọn tí àyà ń dùn.

Ohun kan tí a tètè mọ̀ ni pé kí a má fi mínírà tàbí bisikíìtì san ẹ̀san eré. Ọsàn, ọ̀pẹ òyìnbó tàbí omi lásán ti tó. Òmíràn ni pé kí òbí náà jáde. Ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún àgbàlagbà, àwọn ọmọ mi sì ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí èmi tàbí ìyá wọn bá wọ inú agbo.

Ìwọ̀n ọmọ náà kò tètè dínkù, mo sì fẹ́ kí òbí mìíràn mọ èyí kí ọkàn wọn má baà rẹ̀wẹ̀sì. Dókítà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé kí a má fi ebi pa á, pé ọmọ tí ó ṣì ń ga, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró lójú kan nígbà tí gíga rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ara rẹ̀ yóò bá gíga rẹ̀ mu. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ó gba oṣù púpọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó padà sí ibi tí ó yẹ, a ṣì ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìhanrun ti dínkù. Ohun tí inú mi dùn sí jù ni pé ó ti ń bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ooru bá mú wọn, èyí tí kò jẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà ti fẹ́ kọ́ ilé wọn, búlọ́ọ̀kù ti ń dé sórí rẹ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún gbogbo àkókò tí wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀gá iléẹ̀wé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó sún mọ́ wa ti gbà pé kí a máa lo pápá wọn ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá lè máa gbá a, kí a sì tún géètì ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ti jábọ́ ṣe. Mo lo àǹfààní ìpàdé yẹn láti béèrè nípa àkókò eré ìdárayá tí ó wà nínú tábìlì ètò ẹ̀kọ́ wọn, èyí tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi kọ́ ìṣirò nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò dá a padà bí àwọn òbí bá lè wá okùn, bọ́ọ̀lù àti ẹni tí yóò ran olùkọ́ lọ́wọ́. Okùn àti bọ́ọ̀lù ti wà nílẹ̀; a ti rí òbí fún ọjọ́ Wẹ́sidé, a ṣì ń wá ti ọjọ́ Jímọ̀.